Ẹ Já Ìwé Yẹn Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Pàjáwìrì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìwòsàn Wa

Ẹ̀yin Alága, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀,

Mo kí yín o. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ láàárín yín, mo sì kí ẹ̀yin tí mo jù lọ pé ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín, tí mo fi lé akọ̀wé yín lọ́wọ́. Èsì kan ṣoṣo tí mo rí gbà ni pé “ìgbìmọ̀ ti rí i.” Ẹ ti rí i lóòótọ́, àmọ́ ìwé tí mo ń torí ẹ̀ kọ̀wé ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

Ìwé tí mo ń wí yìí, ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì wọlé ò lè sọ pé òun ò rí i. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mu oògùn olóró tàbí ọtí yó, ilé ìwòsàn ò ní gbà á mọ́, àfi bí ẹbí rẹ̀ bá mú ìwé wá láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀sẹ̀ kan náà lẹ ní kí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì méjì inú yàrá kékeré tó wà ní ìparí wọ́ọ̀dù ọkùnrin jáde. Yàrá yẹn la ti ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ń bèèrè ọtí tàbí oògùn tó ti di bárakú fún un. Páálí ìwé àtijọ́ àti bátìrì jẹnẹrétọ̀ tó ti kú ló wà níbẹ̀ báyìí.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí mi ò fẹ́ kí ìlú máa sá fún un. Ẹ mọ ara yín. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 32 ni mo fi ṣiṣẹ́ náà, mo sì lo 11 nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ àti bárakú oògùn ń bá fínra. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò mi ò gbà pé nọ́ọ̀sì máa ń fẹ̀yìn tì.

1. Ohun tí ìwé yín fà ní alẹ́ Sátidé kan

Wọ́n ń ṣe òkú àgbà kan ládùúgbò wa ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti fẹ́ lù nígbà tí ìyá alákàrà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 19, tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tramadol ló lò, wọn ò mọ iye tó kó sẹ́nu, ó sì fi ògógóró lé e.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti nà gbalaja sórí ẹní, ó kọjú sókè. Epo pupa ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, mílíìkì agolo ti dà sí i láyà, ẹnì kan sì dúró ti òun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ da omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ náà ń hanrun. Inú àwọn èèyàn dùn sí i, wọ́n ní oorun ló ń sùn, pé tó bá sùn tó, á jí. Èmi, ìhanrun yẹn ló já mi láyà, torí ahọ́n tó ti rọ̀ sẹ́yìn tó fẹ́ dí ọ̀nà ọ̀fun ló ń dún bẹ́ẹ̀. Mo tan iná fóònù mi, mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, mo ń kà. Ẹ̀ẹ̀méje péré ló mí ní odindi ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó bá wà ní àlàáfíà á mí tó ẹ̀ẹ̀méjìlá ó kéré tán. Ètè rẹ̀ ti ní àwọ̀ aró. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo ká orúnkún rẹ̀ tòkè síwájú kó má baà yí padà, mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀. Epo tó tú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbakọ kékeré kan. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ìlú tẹ́ ẹ ń bá wa kà á: àwọn àgbà ní epo ni ẹ̀rọ̀, wọn ò ní kí á dà á sẹ́nu ẹni tí kò lè gbé e mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Mílíìkì náà ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e dìde lọ sí ilé ìwòsàn.)

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la gbé e sí. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo ń ka èémí rẹ̀ bọ̀ lọ́nà. Ẹnu ọ̀nà yín la kọ́kọ́ dé, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìwé ara ilẹ̀kùn, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, wọ́n ní ẹni tó bá gbà á wọlé, nínú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ owó ìtọ́jú rẹ̀.” Mi ò bá a wí. Mo ní kí arákùnrin ìyá ọmọ náà gun ọ̀kadà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bóyá ó lè rí ìwé náà gbà, àwa sì yí kẹ̀kẹ́ padà, a gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ọlọ́pàá tó bá níbẹ̀ bi í léèrè pé, “Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n wá ń tọ́jú aláìsàn báyìí ni?” Mo fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Níbi tí wọ́n ti gbà wá, wọ́n gún un ní naloxone, abẹ́rẹ́ tó ń bá agbára irú oògùn bíi tramadol jà lára. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi mí kanlẹ̀, tó là ojú, tó sì ń bèèrè bàtà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní kí á máa lọ sílé. Mo ní rárá. Agbára naloxone kì í ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀ lọ, tramadol á sì wà lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí naloxone bá ti lọ. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, èémí rẹ̀ tún ń lọ sílẹ̀, wọ́n tún gún un. Tramadol tún máa ń fa gìrì, èyí tí ọ̀pọ̀ oògùn ìrora irú rẹ̀ kì í sábà fà, torí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ẹni yẹn. Ìgò naloxone kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìjókòó yẹn ló gba ẹ̀mí là.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ kan àkọ́kọ́ nìkan ni ti oògùn, epo tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló gba ọjọ́ mẹ́jọ yòókù.

2. Òfin

Kí ẹ tó lẹ ìwé yẹn, ṣé ẹ bi lọ́yà kankan? Òfin Ètò Ìlera orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, sọ ọ́ ní abala 20 pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin 2017 tó jẹ mọ́ àwọn tí ọta ìbọn bà tún sọ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú wọn, yálà wọ́n mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí wọn ò mú un wá. Ẹ gbọ́ ná. Bí wọ́n bá gbé adigunjalè tí ọta wà nítan rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yín lóru, òfin ní kí ẹ gbà á. Ọmọ ìyá alákàrà ló wá nílò ìwé. Nọ́ọ̀sì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun sì ni ọwọ́ òfin máa kọ́kọ́ bà, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

3. Sẹ́kúríítì ti di dókítà

Èyí ló ń dùn mí jù, torí mo rò pé ẹ ò rò ó débẹ̀. Ta ló ń pinnu pé ẹnì kan yó? Sẹ́kúríítì tó wà ní géètì ni. Ó máa gbóòórùn ẹnu, ó máa wo bí ẹni náà ṣe ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó máa nawọ́ sí ìwé.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí bàbá káfíńtà kan tí wọ́n gbé wá lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń làágùn, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́, ó ń sọ kántankàntan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn. Àwọn tó gbé e wá ní ilé ọtí ni wọ́n ti rí i, ọtí sì ń rùn lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo wa ló ti gbà pé ọtí ni. Nọ́ọ̀sì ọmọdé kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, gún un níka kó tó ṣe ohunkóhun míì, ó wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ́ tán pátápátá. Oògùn àtọ̀gbẹ ló lò láàárọ̀ tí kò jẹun lé e, ó wá fi ìgò ọtí kan ṣoṣo pa òǹgbẹ. A fa omi ṣúgà sí i lára, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń bi wá pé ta ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì òun.

Ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lórí ọ̀kadà lè máa sọ kántankàntan. Ibà tó ti wọ ọpọlọ lè ṣe é. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ lè ṣe é. Wọ́n lè mu ọtí pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì lè má mu ún rárá. Lóde òní, bàbá káfíńtà yẹn ò ní kọjá géètì yín.

4. “Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á”

Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀kan nínú yín wí ní ìpàdé pé a ò kọ́ ilé ìwòsàn fún ọmọ ìta. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú àwọn tí mo tọ́jú nínú yàrá kékeré yẹn. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ti ń lo oògùn oorun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí kò wá lè sùn mọ́ láìlò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti àdúgbò Under-G wà níbẹ̀ tó fa igbó kan tí wọ́n pò oògùn mọ́, tó ń rò pé àyà òun fẹ́ bẹ́. Òun ò tiẹ̀ nílò ju yàrá tó dákẹ́ àti ẹnì kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ, ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ọmọbìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Láti kékeré ló ti ń jẹ̀rora egungun, abẹ́rẹ́ pentazocine la sì ń gún un fún ìrora náà. A gún un títí, abẹ́rẹ́ náà wá di bárakú. Nígbà tó yá, kò síbi tí abẹ́rẹ́ tún lè gbà wọlé létí itan rẹ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ti le bí pákó. Ta ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyẹn? Ọwọ́ wa ni. Ẹni tí ilé ìwòsàn kó sí kòtò, ilé ìwòsàn kan náà ló wá ń ní kó lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ sì má rò pé wọn ò pọ̀. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ìyẹn jẹ́ 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tiwa, ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kò sì sí ẹkùn tó ju tiwa lọ. Ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó lò ó ló ti kó wọ wàhálà tó nílò ìtọ́jú. Kì í ṣe ọmọ ìta ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

5. Awakọ̀ tó ń pe èrò lórí bẹ́ẹ̀dì

Ìwé yín kà ọtí mọ́ ọn, torí náà mo ní láti sọ ti ọtí. Ẹni tó yó ni ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ẹni tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù fún ni ọ̀mùtí tó ti tó ọjọ́ méjì tí kò rí ọtí mu.

Awakọ̀ kan wà tó ń ná Ìlọrin láti Tákíè níbí. Ẹsẹ̀ ló dá, wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó bi í nípa ọtí, ṣebí ẹsẹ̀ ló gbé wá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní ìrora ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ń làágùn bí ẹni tó gúnyán fún ogún èèyàn, kò sì lè jẹun. Wọ́n ní ibà ni. Ní òru ọjọ́ kẹta, ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na apá síta bí ẹni tó wà lójú wíńdò ọkọ̀, ó ń kígbe pé, “Ìlọrin ẹnì kan! Ìlọrin ẹnì kan, à ń lọ!” Ó ń gba owó lọ́wọ́ èrò tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń ka ṣéńjì fún wọn. Ó ní èèrà ń gun ògiri. Ó fa abẹ́rẹ́ omi yọ, ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ní ayé ló fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wòlíì ti dé géètì.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo wọṣẹ́. Mo fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá máa ń fi la ojú láàárọ̀?” Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rá mẹ́fà ni, Nọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó gbé ọkọ̀.” Ọtí inú ọ̀rá 30 mílílítà, mẹ́fà, kí oúnjẹ tó kan inú. Bí mo bá bi í pé ṣé ọ̀mùtí ni ọkọ rẹ̀, á ní rárá, kò sì ní jẹ́ irọ́ lójú tiẹ̀. Bí a ṣe ń béèrè yìí náà wà lára iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ á kọ́ bí yóò ṣe máa fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í padà. Ọjọ́ tí ẹ bá ká ọtí kúrò lójijì, agbára tó fi ń tì í kò ní dáwọ́ dúró. Láàárín wákàtí mélòó kan, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá, ọkàn á máa sáré. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè mú un. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ìrànrán tó mú awakọ̀ yìí lè bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà tí kò sí ìtọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́ta tí ìrànrán yìí ń pa. Pẹ̀lú ìtọ́jú, kì í sábà tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń fi tramadol tàbí kódíìnì sílẹ̀ náà ń jìyà, egungun á máa ro ó, imú á máa ṣàn, inú á máa ṣí, ara á ta bí ara adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n kó pa èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà á máa sọ pé ikú yá ju èyí lọ. Ti ọtí ló ń pani.

Kí ni nọ́ọ̀sì ń ṣe sí i? Ìwé òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní CIWA-Ar, ojú ewé kan péré. Ohun mẹ́wàá la ń wò níbẹ̀: èébì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, òógùn, ìbẹ̀rù, àìfararọ, ohun tó ń rìn lára, ohun tí etí ń gbọ́, ohun tí ojú ń rí, orí fífọ́, àti bóyá ó mọ ibi tó wà. Gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 67. Bí kò bá tó 8, àbójútó àti ọ̀rọ̀ tútù lè tó. Bó bá ti kọjá 15, ẹ pe dókítà kíákíá, diazepam, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, ti kan. A ó wò ó, a ó kọ ọ́, a ó tún padà wá wò ó. A ó fún un ní fítámìn B1 kí á tó fa omi ṣúgà sí i, torí bí a bá kọ́kọ́ fa ṣúgà sí ẹni tí B1 ti tán lára rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́, ojú á máa yí, ẹsẹ̀ ò ní gbé e mọ́, ìrántí rẹ̀ sì lè má padà wá.

Èyí tó kù, owó ò rà á. Iná yàrá náà ò gbọdọ̀ mọ́lẹ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ ṣú, torí òkùnkùn ló ń bí èèrà ara ògiri yẹn. Ẹnì kan náà ni kó máa tọ̀ ọ́ lọ. Mo ń wí fún awakọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé pé, “Ẹ káàárọ̀ bàbá. Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà. Ilé ìwòsàn nìyí. Ọjọ́bọ̀ lòní. Ẹsẹ̀ yín ló dá, ọkọ̀ yín wà nílé.” Mi ò bá a jiyàn nípa èrò ọkọ̀ rẹ̀, mi ò sì bá a gba owó lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹfà, ó bi mí pé ta ló ń wa ọkọ̀ òun láti ọjọ́ yìí wá, ó sì bèèrè àmàlà.

NAFDAC gbìyànjú láti fòpin sí ọtí inú ọ̀rá ní February 2024, ariwo pọ̀, wọ́n tún dẹwọ́. Kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ yín lè ṣe sí ìyẹn. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni bẹ́ẹ̀dì méjì.

6. Bí ẹ bá tìlẹ̀kùn, ibòmíì á ṣí

Ní November 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé ìtúnniṣe kan tí wọ́n há wọn mọ́ ní Ìbàdàn, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Àwọn ẹbí tó ń gbé èèyàn wọn lọ sí irú ibẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ojú ọgbẹ́ tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dá sí ọrùn ẹsẹ̀. N ò sì ní ṣe bí ẹni pé ọwọ́ mi mọ́. Ní ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi náà ti fi báńdéèjì so ọkùnrin kan mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, ìka rẹ̀ ti wú. Kò sẹ́ni tó bá mi wí nígbà yẹn. Òfin àwọn asínwín ti 1958 la ṣì ń lò títí di January 2023, kí wọ́n tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun.

Ẹ ó ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe ní Aro láti 1954, mo sì ti fi aláìsàn ránṣẹ́ síbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ọmọ tó ń mí ẹ̀ẹ̀méje ní ìṣẹ́jú kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Abẹ́òkúta?

7. Ohun tó mú yín lẹ ìwé

Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbá nọ́ọ̀sì kan létí. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì. Àwọn kan ti gba ẹ̀yìn sá lọ láìsanwó, wọ́n mú fóònù nọ́ọ̀sì dání. Èmi pàápàá ti jẹ ìgbájú rí, etí mi òsì hó fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn nọ́ọ̀sì tó dáńgájíá ti já pa, méjì péré ló kù tó ń wo wọ́ọ̀dù méjì lóru. Ẹni tó bá sọ pé ìyà ò jẹ wọ́n, irọ́ ló pa.

Àmọ́ ìwé yín ò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà yẹn. Ó kàn gbé ìjà náà láti inú yàrá wá sí ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí nọ́ọ̀sì ti dá dúró níwájú ẹbí tí ọmọ wọn ń kú lọ. Ẹni tí oògùn ń dà láàmú, ọkùnrin mẹ́rin kọ́ ló ń rọ̀ ọ́. Kí ohùn rẹ lọ sílẹ̀, kí o má dúró sáàárín òun àti ilẹ̀kùn, kí o sọ ohun tí o fẹ́ ṣe kí o tó fọwọ́ kàn án, kí èrò ìwòran jáde. Ó yẹ kí a kọ́ sẹ́kúríítì pàápàá ní ìyẹn, torí òun náà ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjà yẹn.

8. Ohun tí mo ń bèèrè

a. Kí ẹ já ìwé náà kúrò lára ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ẹnikẹ́ni ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù wọn nítorí aláìsàn tí wọ́n gbà.

b. Kí ẹ kó páálí àti bátìrì yẹn jáde, kí ẹ dá bẹ́ẹ̀dì méjèèjì padà. Ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ lọ́fun wà ní sítóò, mo mọ ibi tó wà.

c. Kí naloxone, diazepam alábẹ́rẹ́, B1 alábẹ́rẹ́ àti ohun èlò ìwọn ṣúgà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pàjáwìrì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ti fámásì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu yó, alẹ́ ni wọ́n ń yó.

d. Kí wọ́n máa wọn ṣúgà gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé wá pé ó yó, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó mu.

e. Kí wọ́n máa bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá dá dúró, ẹsẹ̀ ni o, ojú ni o, nípa ọtí àti oògùn, lọ́nà tí ènìyàn fi lè dáhùn.

ẹ. Kí ẹni tó bá lọ sílé ní ọjọ́ tó máa padà wá, kí nọ́ọ̀sì kan sì mọ orúkọ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ara bá ti gbàgbé oògùn, bó bá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, òun ló ń pa á.

Ìpàdé yín ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Mo máa wá, mo máa jókòó sẹ́yìn, n ò sì ní pariwo. Ní ti ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ má wá owó rẹ̀ kiri. Mo ṣofo ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú. Mo ní ẹ̀dà ìwé òṣùwọ̀n náà 40, mo ti sanwó fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní Tákíè. Ẹ fún mi ní yàrá kan tó ní ìjókòó àti fáànù, kí ẹ sì pe sẹ́kúríítì yín mọ́ wọn.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́.